Másùnmáwo Nígbà Oyún àti Ọpọlọ Ọmọ: Ohun Tí Aboyún àti Ará Ilé Rẹ̀ Lè Ṣe

Bí aboyún bá ń sunkún, ohun tí ará ilé sábà máa ń sọ ni pé, "Dákẹ́ jàre, má kó ìbànújẹ́ ran ọmọ inú ẹ." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún kọ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ jù. Obìnrin tí owó oúnjẹ kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ kì í tètè wọlé, tí ìyá ọkọ sì ń bi í léraléra bóyá akọ ló wà níbẹ̀, kò lè fi ẹnu lásán pàṣẹ fún ọkàn rẹ̀ pé kó balẹ̀. Aboyún ni mo ń kọ èyí fún, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọkọ, ìyá, ìyá ọkọ àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà jókòó kà á, torí ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú àtúnṣe náà wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ

Tí wàhálà bá dé bá èèyàn, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí kókó kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín, àwọn náà á tú họ́móònù kan tó ń jẹ́ cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol kì í ṣe májèlé. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ ká lè jí dìde láàárọ̀, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó kí wọ́n tó bí i. Kódà aboyún tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá, cortisol rẹ̀ á máa gòkè bí oyún ṣe ń dàgbà. Ibi ọmọ sì ní asọ́bodè tirẹ̀: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú cortisol ìyá di aláìlágbára kó tó dé ara ọmọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí másùnmáwo bá le, tó sì pẹ́, iṣẹ́ asọ́bodè yìí lè dín kù, kí cortisol tó ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Cortisol nìkan kọ́ o. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ dàrú kì í sùn dáadáa, kì í jẹun lásìkò, ó lè máa gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń pàdé lára ọmọ.

Ọpọlọ ọmọ kì í dúró de ìgbà tí wọ́n bá bí i. Ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ọ̀pá oníhò kékeré tó máa di ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti pa ẹnu dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn ti lóyún. Láti bí oṣù kejì sí oṣù kẹfà, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á máa pọ̀ lọ́nà ìyanu, wọ́n á sì máa rìn lọ sí àyè kálukú wọn. Ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn, wọ́n á máa so mọ́ra wọn kíákíá. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló yẹ ká máa ṣọ́ra.

Ibi mẹ́ta wà nínú ọpọlọ tí cortisol ti ń rí àyè ṣiṣẹ́ gan-an: amygdala, tó ń mójú tó ẹ̀rù, hippocampus, tó ń mójú tó ìrántí àti ẹ̀kọ́, àti iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, tó ń jẹ́ kéèyàn lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Tí cortisol bá pọ̀ jù nígbà tí àwọn ibi wọ̀nyí ń dàgbà, ọmọ lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà, tí ẹkún rẹ̀ kì í tètè rọlẹ̀, tàbí tí ó ṣòro fún láti pọkàn pọ̀ nílé ìwé.

Ewu náà, báwo ló ṣe tó?

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí gan-an lè di másùnmáwo tuntun lọ́rùn aboyún.

Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1991 tó tẹ̀ lé nǹkan bí 14,000 oyún àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi bí. Thomas O'Connor, Vivette Glover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo àwọn ìyá tí àníyàn wọn pọ̀ jù nígbà oyún. Nígbà tí ọmọ àwọn ìyá wọ̀nyí pé ọdún mẹ́rin, ìṣòro ìwà àti ti ọkàn láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn ọmọ yòókù: láti nǹkan bí ọmọ 5 nínú 100 sí nǹkan bí 10. Ẹ wá wo apá kejì rẹ̀. Nínú ọmọ 100 tí ìyá wọn ní àníyàn tó le jù yẹn, nǹkan bí 90 ni kò ní ìṣòro náà.

Ní January 1998, òjò yìnyín wó òpó iná ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, láàárín òtútù tó le gan-an. Àwọn ilé kan wà láìní iná fún ohun tó lé ní oṣù kan. Suzanne King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àwọn obìnrin tó lóyún lásìkò náà rí, wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún márùn-ún ààbọ̀, àwọn tí ìnira ìyá wọn pọ̀ jù ni òye àti èdè wọn rẹ̀yìn díẹ̀ sí ti àwọn tí ìnira ìyá wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí yìí ṣe pàtàkì lójú mi, torí yìnyín kò bi obìnrin kan léèrè bóyá onísùúrù ni tàbí oníbìínú kó tó já wáyà ilé rẹ̀. Ìnira náà fúnra rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kì í ṣe ìwà ìyá.

Ìkẹta wá láti Amẹ́ríkà. Janet DiPietro ní yunifásítì Johns Hopkins tẹ̀ lé àwọn aboyún tí ara wọn dá, tí wàhálà wọn kò ju ti ojoojúmọ́ lọ. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2006 fi hàn pé ọmọ wọn kò rẹ̀yìn rárá nígbà tó pé ọdún méjì. Kódà, àwọn tí ìyá wọn ní wàhálà díẹ̀ tún ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò, ìbínú ọ̀sán kan, ìwọ̀nyí kò ní ba ọpọlọ ọmọ yín jẹ́. Èyí tó yẹ ká dojú kọ ni èyí tó le, tó ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí aboyún kò sì ní alábàárò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ èyí tó wà lára yín

Àwọn obìnrin wa kì í sábà sọ pé àwọn ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Wọ́n á ní orí àwọn gbóná, àyà àwọn ń já, ara ń wúwo fún àwọn, àwọn ò mọ ohun tó ń ṣe àwọn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe òdiwọ̀n. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú yín kì í dùn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí ohun tó ń wù yín tẹ́lẹ̀ kò wù yín mọ́, tí ẹ ń jí láàárín òru (tí kì í ṣe ìtọ̀ ló jí yín) tí oorun kò sì padà wá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àárẹ̀ oyún lásán.

Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ṣe jáde ní Edinburgh ní 1987, tí wọ́n fi ń mọ bí ọkàn ìyá ṣe wà láàárín ọjọ́ méje tó kọjá. Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò láàárín àwọn aboyún ní Nàìjíríà, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, ó sì wúlò fún àwọn obìnrin wa. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ń béèrè bóyá ó ti wá sọ́kàn yín láti ṣe ara yín ní jàǹbá. Tí ìdáhùn yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró de ọjọ́ kíliníìkì tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹni náà sì bá yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pé "o máa ń ronú jù" bo àìsàn ara mọ́lẹ̀. Àyà tó ń já pẹ̀lú òòyì lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò PCV, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó hàn, ló máa sọ. Orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ríran bàìbàì, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá oyún wá, ọjọ́ náà gan-an lẹ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ ọ́ ní kíliníìkì

Gbogbo wa la mọ bí àárọ̀ kíliníìkì aboyún ṣe máa ń rí. Wọ́n á kọrin, wọ́n á jó, wọ́n á gba ìtọ̀, wọ́n á wọn yín, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á fọwọ́ kan ikùn, ó parí. Nígbà míì kò sí ẹni tó máa béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn, torí èrò ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ máa dá a sílẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lọ́wọ́, tó sún mọ́ yín dáadáa, ẹ rọra sọ fún un pé: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí mi ò rí oorun sùn, tí gbogbo nǹkan sì sú mi." Ọ̀sẹ̀ méjì, oorun, gbogbo nǹkan sú mi: ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "ó kàn rẹ̀ mí ni," ó máa ní kẹ́ ẹ lọ sinmi.

Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún pàdé òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kó tó bímọ. Ìgbà mẹ́jọ lẹ fi láǹfààní láti sọ ọ́. Tí nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ bá jágbe mọ́ yín, ẹ sọ fún èkejì.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n á ní kí àwọn lọ sí Àrò, wọ́n á ní àwọn ti ń ya wèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí ní àwọn ilé ìlera alábọ́dé: wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ bí wọ́n ṣe máa fi ọ̀rọ̀ sísọ àti ìmọ̀ràn lórí bí èèyàn ṣe ń yanjú ìṣòro tọ́jú aboyún tó rẹ̀wẹ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà sì gbádùn. Dókítà ọpọlọ wà fún èyí tó bá le ju ìyẹn lọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, agbẹ̀bí máa béèrè bí ọkàn yín ṣe wà. Ẹ má kàn sọ pé "a dúpẹ́, kò síṣòro" torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Ìtọ́jú ọkàn fún aboyún wà lára iṣẹ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan wà fún àwọn ìyá àti aboyún, tọ̀sán-tòru: 1-833-852-6262.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín ẹrù náà

Ohun tó máa ń já mi kulẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn fún aboyún ni pé orí ìsinmi àti orin jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń parí sí. Orin kì í san owó ilé. Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó ń dà yín láàmú sí i, ẹyọ kan lórí ìlà kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè bá yín gbé e. Èyí tí kò ní orúkọ rárá ni kẹ́ ẹ mú lọ bá nọ́ọ̀sì, pásítọ̀, àáfà, tàbí àgbà tẹ́ ẹ fọkàn tán.

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, owó ìbímọ ló máa ń wà lókè. Ẹ gba ìwé àwọn ohun tí ilé ìwòsàn ń fẹ́ látìgbà tí oyún bá ti pé oṣù mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì máa ra á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè iye tí ìbímọ tìrọ̀rùn jẹ́ àti iye tí iṣẹ́ abẹ jẹ́, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ ìrọbí lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá wà nínú àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ kó fi yín sí oṣù tó ṣáájú oṣù ìkúnlẹ̀. Ẹ tún wádìí ètò ìlera adójútòfò ìpínlẹ̀ yín. Ní Èkó, Ìlera Èkó ni wọ́n ń pè é. Ẹ bá awakọ̀ kan ní àdúgbò sọ̀rọ̀ sílẹ̀ nítorí òru. Ẹ̀rù tí kò lórúkọ máa ń tóbi ju èyí tí a ti mọ iye rẹ̀ lọ, mo sì ti rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n bá mọ iye, oorun máa ń padà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ńkọ́? Ẹ má dúró kó fúnra rẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí tẹlifísàn ti wà ní pípa, ẹ lè sọ pé: "Bàbá Ìbùkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ohun mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n máa sùn: owó ilé ìwòsàn, omi tí mo ń pọn, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn àǹtí yín ń sọ sí mi. Ẹ bá mi gba ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí." Ọkùnrin tí wọ́n bá ní kó "máa gba tèmi rò" lè má mọ ibi tó máa gbé e gbà. Èyí tí wọ́n bá fún ní iṣẹ́ tó dájú máa ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá a lọ sí kíliníìkì, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Owó oúnjẹ, ẹ fi sílẹ̀ kó tó béèrè. Tí àwọn ẹbí yín bá ń sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀yin lẹ máa dá wọn lóhùn, kì í ṣe òun. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun bíbéèrè bóyá ọkùnrin ni. Láti ara ọkọ ni ohun tó ń sọ ọmọ di akọ tàbí abo ti ń wá. Ẹ má sì máa sọ ìtàn ẹni tó kú sórí ìkúnlẹ̀ níbi tó wà.

Lílù kì í ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to tọkọtaya. Tí ọkọ bá ń na aboyún, tó ń dẹ́rù bà á, tàbí tó ń fi oúnjẹ jẹ ẹ́ níyà, ewu ni fún ìyá àti ọmọ pọ̀, ààbò ló sì yẹ kó ṣáájú ìmọ̀ràn èyíkéyìí. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ kó ìwé kíliníìkì, owó díẹ̀ àti aṣọ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ní Èkó, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ DSVA wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tu ara lójú, kẹ́ ẹ sì yẹra fún àtúnṣe tó ń bà á jẹ́

Tí àyà bá ń já, ẹ jókòó, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ fi imú fa èémí sínú, kẹ́ ẹ ka ení títí dé ẹ̀rin. Ẹ wá tú u jáde láti ẹnu, bí ẹni ń rọra fẹ́ ògì gbígbóná, kẹ́ ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èémí tó ń pẹ́ jáde ló ń sọ fún ara pé ewu ti lọ. Kò ní lé ìyà owó lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kéèyàn lè sùn.

Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, dára tí dókítà kò bá ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ẹ jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́, ẹ lo iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí, kẹ́ ẹ má sì fo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fólíìkì, torí ọpọlọ ọmọ nílò gbogbo wọn gan-an.

Ọtí ni kẹ́ ẹ sá fún: bíà, páráágà, bíttà, àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ó máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ ju ìrònú tẹ́ ẹ fẹ́ fi lé lọ. Ẹ má ra oògùn oorun lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Ẹni tó sì ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ti wárápá kó tó lóyún kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Kó tètè lọ rí dókítà, torí wọ́n lè ní láti pààrọ̀ àwọn kan.

Àdúrà ń fi ọkàn balẹ̀, èmi náà gbà á gbọ́. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ púpọ̀ nínú oyún ni mi ò fara mọ́. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fi àyè gba aboyún tó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ láti má gba ààwẹ̀ Ramadan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lẹ́yìn ìbí, àyè ṣì wà

Ìròyìn tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní 2010, Glover àti O'Connor, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn Kristin Bergman, gbé ìwádìí kan jáde tó wọn cortisol inú omi tó yí ọmọ ká nínú ilé ọmọ. Nígbà tí ọmọ pé nǹkan bí oṣù 17, cortisol tó ga bá òye tó rẹlẹ̀ rìn, àmọ́ láàárín àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́ ìyá wọn ni. Láàárín àwọn tó fọkàn tán ìyá wọn, wọn ò rí ìbátan náà mọ́. Ìwádìí míì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé bí ìyá ṣe ń fọwọ́ pa ọmọ lára tó ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí lè dín ipa ìrẹ̀wẹ̀sì ìgbà oyún kù lára ọmọ náà.

Ẹ wá wo ohun tí ìyá àgbà máa ń ṣe nílé wa: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kàǹrìnkàn, ọmọ ní ìdùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, òrí tí wọ́n yọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ń fi pa á lára láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń kì í lọ́wọ́ kan náà. Kí ìyá fúnra rẹ̀ gba apá kan nínú iṣẹ́ yìí, kó má kàn máa wòran. Jíju ọmọ sókè àti nínà án lápá lẹ́sẹ̀ tagbáratagbára ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ní àìpé G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, káńfọ̀ lè dá ibà pọ́njú sí wọn lára débi tó máa dé ọpọlọ.

Oríkì kò ní láti dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pàápàá. Láti bí oṣù kẹfà lọ, ọmọ inú oyún ti ń gbọ́ràn, ìwádìí DeCasper àti Fifer ní 1980 sì fi hàn pé ọmọ ọjọ́ mélòó kan ti dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti obìnrin míì lọ. Bàbá náà lè tẹnu mọ́ ikùn lálẹ́, kó máa kí ọmọ rẹ̀.

Bí oyún tó kọjá bá le fún yín, tí ọmọ ti wà nílẹ̀ báyìí, ẹ lo ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára láti bi nọ́ọ̀sì léèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá àti kẹrìnlá, ẹ béèrè bóyá ọmọ ń wo ojú èèyàn, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín síni. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ béèrè bóyá ó ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, tó sì ń sọ "bàbà, màmà." Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ béèrè bóyá ó ń nàka sí ohun tó fẹ́, tó sì ń gbìyànjú láti rìn. Tí ọ̀kan bá pẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ rí dókítà ọmọdé lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ má ṣe gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dúró dìgbà tó bá pé ọdún mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ̀yin náà ṣe ń sùn.